Iná Tí A Ń Tàn Láti Òkèèrè, Ta Ni Aláṣẹ Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín ní oṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ gílóòbù iná ni, àti ti sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ń fi í sí, àti ohun tí ó yẹ kí á ṣe nígbà tí a bá pàṣẹ fún un láti òkèèrè pé kí ó tàn, tí ó sì kọ etí ikún sí wa. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ àṣẹ ni. Ta ni ó ń pàṣẹ nínú ilé tí a fi owó ara wa kọ́?

Àṣà náà ti wọ ìlú wa. Ní Èkó àti ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń kọ́ ilé tuntun kò fẹ́ kí iná ilé òun máa gba àṣẹ lọ́wọ́ swíìṣì ara ògiri nìkan mọ́. Ó fẹ́ jókòó lórí àga, kí ó tẹ bọ́tìnì rìmóòtù tàbí kí ó fọwọ́ kan ojú fóònù, kí iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì tàn. Èmi kò bá àṣà yìí jà. Ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, tí kò lè dìde lóru kí ó máa táràrà wá swíìṣì nínú òkùnkùn, oore ńlá ni rìmóòtù ṣe fún un. Ọmọ wa tí ó wà ní London, tí ó fẹ́ kí iná ìta ilé tí ó kọ́ sí Ìjẹ̀bú máa tàn ní alẹ́ kí olè má baà mọ̀ pé kò sí ẹnìkan nínú rẹ̀, òun náà kò ṣe ohun tí kò dára. Àtùpà epo pupa ni àwọn baba wa gbé sílẹ̀ nígbà tí fìtílà elépo òyìnbó dé, wọn kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ di ọmọ ẹlòmíràn.

Ohun tí mo ń bá jà ni pé a ra ohun èlò náà, a kò ra òye rẹ̀. Bí iná bá kọ̀ tí kò tàn, baba ilé á pe ọmọ rẹ̀, ọmọ á pe oníṣẹ́ tí ó fi í sára ògiri, oníṣẹ́ á ní òun ti kúrò ní ìlú, gbogbo wọn á sì jókòó sínú òkùnkùn nígbà tí iná wà nínú wáyà. Lẹ́yìn náà, wọn á tú u dànù, wọn á ra òmíràn. Mo ti rí sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta nínú àpótí ìdọ̀tí ilé kan ṣoṣo, tí ó jẹ́ pé bátìrì inú rìmóòtù ni ó kú.

Kí á má sì ṣe rò pé ohun àná ni èyí. Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Pico Electronics, ní ìlú Glenrothes ní ilẹ̀ Scotland, ṣe ọ̀nà kan tí a pè ní X10. Inú wáyà iná ilé fúnra rẹ̀ ni àṣẹ ń gbà kọjá, bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láàárín ariwo ọjà. Lẹ́tà 16 ni a lè yàn fún ilé, nọ́ńbà 16 fún ohun èlò, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ orúkọ 256, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìwọ àti aládùúgbò rẹ bá yan lẹ́tà kan náà, tí tiransifọ́mà kan náà sì ń bọ́ ilé yín, o lè tan iná yàrá rẹ̀ láìmọ̀. Bí àṣẹ bá sì sọnù lọ́nà, iná náà kò ní ẹnu tí yóò fi sọ pé òun kò gbọ́. Àbùkù ìkẹyìn yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí ó ṣì wà lára ọ̀pọ̀ èyí tí a ń rà lọ́jà lónìí.

Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lára wọn ni sọ́kẹ́ẹ̀tì onírìmóòtù tí ń lo ìgbì rédíò ní 433.92 MHz. Rìmóòtù a sọ̀rọ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì a gbọ́, ó parí. Kò sí ìdáhùn. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí ń ṣe àkóso ilé lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé iná ti tàn nígbà tí yàrá ṣókùnkùn biribiri. Ẹni tí ó bá gba ohun tí fóònù wí gbọ́ láì fi ojú ara rẹ̀ wo gílóòbù, ara rẹ̀ ni ó ń tàn jẹ.

Bí irú iná bẹ́ẹ̀ bá kọ̀, ìdí iná ni kí á ti bẹ̀rẹ̀, kí á tó wá máa rìn padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó pàṣẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a gbé fóònù, wọn a máa pa á, wọn a máa ṣí i, láì béèrè bóyá iná wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì rárá. Àlejò tàbí ọmọdé lè ti fi ọwọ́ pa swíìṣì ara ògiri gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ́ wọn lára. Gílóòbù tí a ti gé iná rẹ̀ lára ògiri dà bí ìránṣẹ́ tí ó ti sùn fọnfọn. Fóònù kò lè jí i. Ẹ fi gílóòbù lásán, irú èyí tí a mọ̀ pé ó dára, sí ojú ibẹ̀ wò. Bí èyí náà kò bá tàn, ẹjọ́ kì í ṣe ti rìmóòtù. Bí ó bá tàn, ẹ wo bátìrì. Ọ̀pọ̀ rìmóòtù wọ̀nyí ń lo bátìrì kékeré onífólítì 12, iná pupa ara rẹ̀ sì lè máa ṣẹ́jú nígbà tí agbára rẹ̀ kò tó láti ju ohùn dé ìyẹ̀wù kejì mọ́. Ẹ wá gbé rìmóòtù súnmọ́ ọn ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ kan. Bí ó bá gbọ́ nítòsí tí kò sì gbọ́ láti òkèèrè, ohun kan ni ó dí ohùn lọ́nà: ilẹ̀kùn irin, ẹ̀yìn fìríìjì, tàbí àwọn ọ̀pá irin tí ó wà nínú kọnkéré òkè ilé. Fún ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tí ń fọ̀ sí wọn, kí ó wọn wáyà etí rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 17.3 ni ó yẹ kí ó jẹ́, èyíinì ni ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ìgbì náà.

Bí kò bá gbọ́ nítòsí pàápàá, ó ti gbàgbé olúwa rẹ̀ nìyẹn. A ó tẹ bọ́tìnì ara sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ títí iná kékeré rẹ̀ yóò fi máa ṣẹ́jú, a ó sì tẹ rìmóòtù kí wọ́n tún mọ ara wọn. Àwọn kan wà tí a kì í fi ọ̀nà yìí kọ́, tí ó jẹ́ pé swíìṣì kéékèèké márùn-ún ni a fi ń yan àmì ilé. Swíìṣì márùn-ún, ọ̀nà 32 péré ni a lè gbà tò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ti rà wọ́n. Mo mọ ilé kan tí iná pálọ̀ ń tàn fúnra rẹ̀ ní òru, tí a sì pe wòlíì wá kí ó wá gbàdúrà sí i. Aládùúgbò tí ó ra irú rìmóòtù kan náà ní ọjà kan náà ni ẹ̀mí àìrí ọ̀hún.

Àwọn mìíràn wà tí wọ́n gbọ́n ju ìwọ̀nyí lọ, tí wọ́n ń gbọ́ tí wọ́n sì ń dáhùn. A ń pe ọ̀kan lára ọ̀nà wọn ní Zigbee. Ohun tí ó wù mí nínú rẹ̀ ni pé ó dà bí iṣẹ́ tí ọba rán láti ààfin, tí akéde kan kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jẹ́ dé gbogbo abúlé. Akéde àkọ́kọ́ a jẹ́ ẹ fún ìkejì ní oríta, ìkejì a jẹ́ ẹ fún ìkẹta, títí yóò fi dé oko. Gílóòbù tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ń jẹ iná wáyà a máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, a sì máa rán an lọ síwájú. Nísinsìnyí, bí ẹnìkan bá pa swíìṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, akéde oríta ti kú nìyẹn. Iná ilé ìdáná tí kò ní àìsàn kankan yóò dákẹ́, oníṣẹ́ yóò sì máa tú iná ilé ìdáná wò láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí á fi sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí ẹnikẹ́ni kì í pa sí àárín méjèèjì, kí ó máa jẹ́ akéde tí kì í sùn. Kí á sì jẹ́ kí ẹ̀rọ olórí wọn jìnnà sí ti Wi-Fi, nítorí pé ìgbì 2.4 GHz kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, wọ́n sì ń pariwo lé ara wọn lórí. Bí Wi-Fi bá wà ní ojú ọ̀nà 11, tí Zigbee sì bọ́ sí ojú ọ̀nà 25, ìjà náà a rọlẹ̀.

Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tí ó ṣe ohun èlò wọ̀nyí, ilẹ̀ tí iná kì í lọ ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, èyí sì hàn nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Nígbà tí iná bá padà dé lọ́dọ̀ wa, sọ́kẹ́ẹ̀tì a jí ní ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ Wi-Fi a máa pẹ́ kí ó tó la ojú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì a wá a tì, òmíràn a sì dẹ́kun wíwá. Nítorí náà, kí ẹ̀rọ Wi-Fi àti ẹ̀rọ olórí wà lórí inverter tàbí bátìrì kékeré, kódà bí a kò bá ní èyí tí yóò gbé gbogbo ilé. Ohun kejì ni pé ọ̀pọ̀ gílóòbù wọ̀nyí ni a ti kọ́ pé, bí iná bá lọ tí ó sì dé, kí wọ́n tàn ní gbogbo agbára wọn. Nínú ilé tí iná ti dé ní aago mẹ́ta òru, gbogbo yàrá á mọ́lẹ̀ gbòò, ọmọ ọwọ́ á ké. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀sán ni, wọn á máa jó títí di alẹ́ nínú ilé tí kò sí ẹnìkan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, a gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A lọ sí 225 náírà fún wákàtí kílówáàtì kan nígbà náà, nítorí náà èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ibì kan wà nínú ètò ọ̀pọ̀ wọn tí a ti lè sọ fún wọn pé kí wọ́n padà sí bí wọ́n ti wà kí iná tó lọ. Ẹ bi oníṣẹ́ yín nípa rẹ̀ kí ó tó gba owó.

Ìkẹta ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ọ̀nà tí a fi ń mú kí àwọn gílóòbù kan gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé kí á pa iná kí á sì tan án ní kíákíá ní ìgbà bíi mélòó kan. Ẹ̀yin ará, ǹjẹ́ kì í ṣe bí iná wa ti í ṣe nìyẹn nígbà tí òjò bá ń rọ̀? Ó dé, ó lọ, ó dé, ó lọ, gílóòbù á sì rò pé olúwa òun ni ó ní kí òun gbàgbé. Bí iná kan bá ń sọ ìmọ̀ rẹ̀ nù lẹ́yìn ìjì, ẹ má ṣe tú ògiri. Ẹ tún un kọ́, bí ó bá sì ń ṣe é lemọ́lemọ́, ẹ lo gílóòbù lásán, kí ọgbọ́n náà wà nínú swíìṣì.

Nípa ti wáyà àti agbára, n kò ní pẹ́ púpọ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a kọ áńpù 10 sí lára kò yẹ kí ó gbé ju 2,300 wáàtì lọ lórí fólítì 230. Kì í ṣe ibi ìgbóná omi, kì í sì í ṣe ibi áyọ́ọ̀nù. Ẹni tí ó bá gbọ́ tí inú rẹ̀ ń dún “kẹ̀” bí a ti ń pàṣẹ, tí iná kò sì kú, kí ó mọ̀ pé irin méjì tí ń pàdé nínú rẹ̀ ti jó lẹ̀ mọ́ ara wọn. Kò sí àtúnṣe fún un ju kí á pààrọ̀ rẹ̀. Kí á sì gé iná ní orísun kí á tó tú ohunkóhun, kí á fi tẹ́sítà dán an wò, nítorí rìmóòtù tí ó sọ pé iná ti kú kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí a lè fi ẹ̀mí ènìyàn lé lọ́wọ́.

Gbogbo àìsàn tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí ni ọwọ́ wa ká. Èyí tí ọwọ́ wa kò ká ni ó mú mi kọ ìwé yìí. Nínú ọ̀pọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ń lo Wi-Fi, bí o bá jókòó sí pálọ̀ rẹ tí o sì tẹ fóònù, àṣẹ rẹ kò lọ tààrà sí ara ògiri tí ó wà níwájú rẹ. Ó kọ́kọ́ sọdá òkun lọ sí ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́ tí ó tà á, ibẹ̀ ni a ti gbà fún un kí ó tó padà wá. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ya aláìsàn, o di àlejò nínú ilé ara rẹ. Bí ilé iṣẹ́ náà bá sì kú ńkọ́? Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, a pa ẹ̀rọ alákòóso kan tí ń jẹ́ Revolv, tí àwọn ènìyàn ti san nǹkan bíi 300 dọ́là fún, lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Nest ti ra àwọn tí ó ṣe é ní ọdún 2014. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, àwọn oníbàárà Insteon ní Amẹ́ríkà ṣàdédé rí i pé kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà ti dákẹ́, láìsí ìkìlọ̀ kankan. Àwùjọ kékeré kan láàárín àwọn oníbàárà náà ni ó ra á ní oṣù kẹfà ọdún kan náà tí iṣẹ́ fi tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025, Belkin kéde pé àtìlẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ohun èlò Wemo yóò parí ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2026. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó wà lẹ́bàá ilé ẹjọ́ tí wọ́n ti lè pe oníṣòwò náà lẹ́jọ́, kí ni a rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí wa?

Kò tilẹ̀ di ìgbà tí ilé iṣẹ́ bá kú. Ní ilé olóyè kan ní Ìbàdàn, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, orúkọ oníṣẹ́ ni a fi forúkọ gbogbo iná sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé sì wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ nìkan. Wọ́n yọ swíìṣì ara ògiri kúrò kí ògiri baà lè dán. Oníṣẹ́ ṣètò rẹ̀ kí iná gbọ̀ngàn máa kú ní aago mẹ́wàá alẹ́, ó gba owó rẹ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi kọjá sí òkè òkun. Ní alẹ́ àìsùn ìsìnkú ìyá olóyè yìí, nígbà tí àwọn àna àti àwọn ẹgbẹ́ ti jókòó pé, aago mẹ́wàá lù, iná kú pii. Kò sí ẹni tí ó lè pàṣẹ fún un nínú gbogbo ìdílé, bẹ́ẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ sì ń dún lẹ́yìnkùlé. Fìtílà tí a yá ní ilé kejì ni a fi ṣe àìsùn náà mọ́jú. Bàálé tí ó ń dá ẹjọ́ ilẹ̀ fún àdúgbò mẹ́rin, kò ní àṣẹ lórí gílóòbù mẹ́fà.

Àwọn kan yóò wí pé kí á fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oníṣẹ́. Mo gbà, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ tí ó kọ́ ilé kì í mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Kí orúkọ tí a ó fi forúkọ sílẹ̀ jẹ́ ti onílé. Kí ìwé kan wà nínú ilé, ìwé gidi tí a fi gègé kọ, tí ó sọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan iná wà, irú ọ̀nà tí ó ń lò, bí a ti í tún un kọ́, àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rẹ̀. Kí á sì tì í mọ́ inú àpótí tí ìwé ilẹ̀ wà. Kí swíìṣì ara ògiri má ṣe kúrò. Kí á sì yan ohun èlò tí ẹ̀rọ olórí rẹ̀ ń gbé inú ilé pẹ̀lú wa. Home Assistant, tí Paulus Schoutsen bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013, kò gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ lò ó, ó sì lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni ìlànà tí a ń pè ní Matter ti jáde, tí ó fi àyè sílẹ̀ kí àṣẹ máa lọ láti fóònù dé iná láì jáde kúrò nínú ilé. N kò sọ pé àwọn wọ̀nyí kò ní àbùkù. Wọ́n ní, ṣùgbọ́n àbùkù wọn ń gbé ibi tí ojú wa lè tó o.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó kan ẹgbẹ́ wa gan-an. Àwọn ẹ̀rọ tí ń gbọ́ àṣẹ ẹnu, èyí tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà wa, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bá wa lò. Mo ti rí àgbàlagbà tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ iná yàrá rẹ̀, tí iná náà kò sì gbọ́ nítorí pé ahọ́n bàbá kò rí bí ti òyìnbó. Nínú Home Assistant tí mo dárúkọ, àwọn tí ó gbọ́ èdè kan ni ó ń kọ àwọn gbólóhùn àṣẹ èdè náà sí i. Ẹgbẹ́ tí ó ní olùkọ́ àti akọ̀wé tó bí tiwa yìí lè yan ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí yóò ṣe ti Yorùbá, láti “tan iná ọ̀dẹ̀dẹ̀” dé “dín iná pálọ̀ kù.” Iṣẹ́ kò parí síbẹ̀, nítorí ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ kọ́ láti mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀ wa, ṣùgbọ́n bí a kò bá kọ gbólóhùn kankan, kí ni yóò fi kọ́ ọ?

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ilé lọ́wọ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ohun kan wà tí kò ní dúró de ìpàdé ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ swíìṣì tuntun wọ̀nyí nílò wáyà méjì, èyí tí ń mú iná wá àti èyí tí ń dá a padà, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní niútírà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, èyí tí ń mú iná wá nìkan ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí swíìṣì. Àwọn swíìṣì kan wà tí ń ṣiṣẹ́ láìsí niútírà, ṣùgbọ́n wọ́n a máa jẹ́ kí gílóòbù LED máa tàn fírífírí nígbà tí a ti pa á. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ iná yín kí ó fa niútírà dé inú àpótí swíìṣì gbogbo yàrá, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí i níbẹ̀ kí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri.